Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Lọ sí Èkó?

 

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá, bí a ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ìrémọ, tí mo ń ká ẹní, ìyá àgbà kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ládánì, ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní Èkó ní kí n wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun. Owó ọkọ̀ wà, ara mi sì le díẹ̀. Ìgbà wo ni kí n lọ?"

Mo dá a lóhùn kíákíá pé, "Ìyá, ìgbà tí ó bá wù yín ni. Ọlọ́hun yóò ṣọ́ yín."

Ìyá wò mí títí, ó ní, "Mo mọ̀ pé Ọlọ́hun yóò ṣọ́ mi. Òjò ni mo ń bi ọ́ léèrè."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ẹni tí ó mọ ohun tí ojú ìyá mi rí nínú òjò Èkó kò yẹ kí ó fún ìyá ẹlòmíràn ní irú èsì bẹ́ẹ̀. N óò sọ ìtàn náà fún yín kí n tó parí ọ̀rọ̀ òní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ìyá yẹn, àti gbogbo ẹni tí ó ní ọmọ tàbí ẹbí ní Èkó, ní èsì tí ó yẹ kí n ti fún un lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú, gbogbo oṣù tí mo bá fi òǹkà pè lónìí, oṣù òyìnbó ni. Oṣù kìn-ín-ní ni January, oṣù kẹfà ni June, oṣù kejìlá ni December. Àwọn oṣù òṣùpá tí a fi ń ṣe ìsìn, orúkọ wọn gan-an ni n óò pè.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn méjì ni ó pín ọdún wa láàárín ara wọn. Ọ̀kan ń ti orí òkun wá, ó ru omi. Èkejì ń ti aginjù Sàhárà wá, ó gbẹ, ó sì ru eruku. Òun ni a ń pè ní ọyẹ́. Láti nǹkan bí oṣù kẹta, bí oòrùn ti ń sún lọ sí ìhà àríwá, atẹ́gùn olómi a máa lé ọyẹ́ sẹ́yìn, òjò àkọ́rọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, òjò náà a le jù lọ́dọ̀ tiwa. Nígbà tí ó bá fi máa di ìparí oṣù keje àti oṣù kẹjọ, òjò tí ó pọ̀ ti rìn jìnnà lọ sí ilẹ̀ Hausa, omi òkun wa náà a sì tutù ju ti ìgbà yòókù lọ. Òjò tiwa a wá sinmi díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, ó tún gba ọ̀dọ̀ wa kọjá bí ó ti ń padà sí òkun. Èyí ni àwọn àgbẹ̀ wa ń pè ní àrọ̀kúrò. Láti àárín oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Bí ó ti rí ní Ifẹ̀ náà ni ó rí ní Èkó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìrémọ kì í ṣe ilẹ̀ Èkó. Bí òjò bá rọ̀ níhìn-ín, omi a rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbà, a sì ṣàn lọ sódò. Èkó tẹ́jú, ó sì lọ sílẹ̀. Òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà àti àbàtà sì yí i ká. Ilé ti bo ọ̀pọ̀ ibi tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀, ìdọ̀tí sì ti di ọ̀pọ̀ gọ́tà. Bí òkun bá kún ní ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀, omi a dúró sí ojúlé àwọn ènìyàn. Òjò tí àgbẹ̀ fi ń dúpẹ́ níhìn-ín a máa di omi nínú yàrá lọ́hùn-ún.

Àwọn tí ń wọn òjò ní Ìkẹjà ti ṣe ìṣirò ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá pín in dọ́gba, òjò oṣù kẹfà nìkan kọjá 300 mìlímítà. Kí ìyẹn lè yé wa: bí ẹ bá gbé agbada tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró gbọn-in, síta fún oṣù náà, tí oòrùn kò sì fà nínú rẹ̀, omi inú rẹ̀ yóò ga ju rúlà tí ọmọ ilé-ìwé fi ń fa ìlà lọ. Ti oṣù kẹjọ kò tó ìdajì rẹ̀. Ti oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, kò tó 50 mìlímítà.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé òjò kò ju kí aṣọ tutù lọ, ẹ rántí ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, nígbà tí òjò ọjọ́ kan ṣoṣo gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn ní Èkó. Ẹ rántí ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2017, nígbà tí Lẹ́kí àti Victoria Island, níbi tí àwọn olówó kọ́lé sí, wà nínú omi. Omi kò béèrè iye tí a fi ra ilẹ̀.

Nítorí náà, ìyá tí ó ní àyè láti yan, tí ó kàn fẹ́ lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó fẹ́ sinmi, tàbí tí ó fẹ́ lọ tọ́jú ara lọ́dọ̀ dókítà, kí ó gbé ìrìnàjò rẹ̀ sí inú ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní títí dé ìparí oṣù kejì. Àwọn tí wọ́n lọ ṣe ọdún tuntun ti padà nígbà náà, ọkọ̀ ti rọrùn ún rí, títì sì gbẹ. Oṣù kejìlá gbẹ bákan náà, ṣùgbọ́n èrò máa ń pọ̀ ní gáréèjì, owó ọkọ̀ a sì gbówó lórí. Ní oṣù kẹta ooru mú gan-an ní Èkó, ìjì àkọ́kọ́ nínú ọdún a sì máa jà láìròtẹ́lẹ̀. Láti oṣù karùn-ún dé àárín oṣù keje, bí kò bá di dandan, ẹ jókòó sílé yín.

Oṣù kẹjọ ńkọ́? Ó tutù, oòrùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mú, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà ní ìsinmi. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ooru lè lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí ó má rò pé ìsinmi òjò yìí jẹ́ àdéhùn. Ìbàdàn wà lójú ọ̀nà wa sí Èkó, ẹ sì jẹ́ kí a fi Ìbàdàn kọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún àkúnya, tí ó kó ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn rọ̀ ní Ìbàdàn kan náà, ó wó afárá, ó sì pa èyí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ náà, Jímọ̀ tí ó kẹ́yìn nínú Ràmàdánì ọdún yẹn. Méjèèjì, oṣù kẹjọ ni.

Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ní ẹ̀tàn tiwọn. Omi tí a fi ìdènà sé wà ní Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó bá kún lẹ́yìn òjò, àwọn tí ń ṣọ́ ọ a máa tú díẹ̀ sílẹ̀. Odò Ògùn a gbé e wá sí Ìṣẹ́rí, sí ìhà Máìlì 12, àti sí Àjẹgúnlẹ̀ tí ó wà ní ọ̀nà Ìkòròdú. Ilé ọmọ yín lè tipa bẹ́ẹ̀ kún fún omi ní ọjọ́ tí oòrùn ń ràn. Bí àwọn ọmọ yín bá ń gbé lẹ́bàá odò yìí, ẹ bi wọ́n dáadáa kí ẹ tó di ẹrù.

Ẹnìkan yóò sọ pé, "Ládánì, ọ̀rọ̀ rẹ dára, ṣùgbọ́n ọdún Iléyá ńkọ́? Ṣé a lè sún Iléyá sínú ẹ̀ẹ̀rùn ni?"

A kò lè sún un. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sún. Ọdún òṣùpá jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, nígbà tí ti òyìnbó jẹ́ 365 tàbí 366. Nítorí náà àwọn ọdún wa ń ṣíwájú ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún, wọ́n sì ń lo nǹkan bí ọdún 33 kí wọ́n tó yí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn po. Àwọn àgbà inú yín yóò rántí pé ní ọdún 2006, Iléyá méjì ni a ṣe nínú ọdún òyìnbó kan, ọ̀kan ní oṣù kìn-ín-ní, ọ̀kan ní ìparí oṣù kejìlá. Ọyẹ́ ni a fi ṣe méjèèjì. Ní 2014, ó ti bọ́ sí oṣù kẹwàá, nínú àrọ̀kúrò. Ní 2018 àti 2019, ó bọ́ sí oṣù kẹjọ. Ní 2022, ọjọ́ 9 oṣù keje ni. Ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Ẹ rí i pé ọdún mẹ́rin léra ni ó fi wà láàárín òjò tí ó le jù. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa padà jáde; nígbà tí ó bá fi di nǹkan bí ọdún 2036, ìṣirò gbé e sí oṣù kejì, nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìtúnu Ààwẹ̀ ní tirẹ̀ ti ṣíwájú jáde kúrò nínú òjò. Ní 2025, ìparí oṣù kẹta ni a tú ààwẹ̀, yóò sì wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ìmọ̀ràn tí mo ń fún àwọn àgbàlagbà ìdílé wa nìyí: bí ẹ bá fẹ́ bá àwọn ọmọ yín ṣe ọdún ní Èkó, ẹ lọ ṣe Ìtúnu lọ́dọ̀ wọn. Bí ó bá di Iléyá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ṣì le wá bá yín. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ọdún náà rò ó: ilé ni ó yá, kì í ṣe Èkó.

Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ kan wà tí a kò lè yàn. Ọmọ kì í dúró kí òjò dá kí a tó bí i. Òkú Mùsùlùmí kì í dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ni ìtàn tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2022, àkọ́bí mi obìnrin bímọ sí Èkó. Ọjọ́ kẹjọ ni a máa sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá mi ní òun gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara òun gbé ọmọ náà, nítorí pé òun ni ọmọ kẹrin ìran tí òun yóò fi ojú rí. Ta ni yóò sọ pé kí ó má lọ? A fi àdéhùn sí i pé bí a bá ti kírun àsùbáà tán ní ọjọ́ kan ṣáájú, a ó gbéra.

Ní alẹ́ tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ ìrìnàjò, wọ́n ránṣẹ́ pè mí síbi yígì kan pé kí n wá ṣe àdúrà ní òwúrọ̀. Mo lè bẹ̀ wọ́n pé mo ń rìnrìnàjò. Àlùfáà kò wọ́n ní Ìrémọ. Ṣùgbọ́n mo lọ. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé owó tí wọ́n bá fún mi níbẹ̀ yóò bá mi san owó ọkọ̀. Ìyá mi ti wọ aṣọ tán, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀, ó ń dúró dè mí. Aago kan ọ̀sán ti kọjá kí ọkọ̀ wa tó kúrò ní gáréèjì.

Ojú ọjọ́ dára títí a fi kọjá Ìkirè. Ní Ìbàdàn, ó ṣú. Láti Mọ́wé, ọkọ̀ kò rìn mọ́, òjò sì ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á láti inú agbada. Ìrìn tí kì í ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ bí ọ̀nà bá dára, ó gbà wá ju méje lọ. Ó ti lé ní aago mẹ́jọ alẹ́ kí a tó dé ẹnu àdúgbò tí ọmọ mi ń gbé. Iná kò sí. Omi bo títì, ó bo gọ́tà, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di ìyá mi mú. Mo gbé àpò iṣu tí a fẹ́ fi ṣe sùná ọmọ lé èjìká òsì, mo sì fi ọwọ́ òsì dì í mú. A rìn díẹ̀. Ẹsẹ̀ tèmi bọ́ sórí ilẹ̀ líle, ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ́ sí gọ́tà. Bí ó ti ń lọ sílẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo ní láti fi fà á, nítorí pé mi ò jẹ́ kí iṣu bọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí n kò mọ̀ ni ó bẹ́ sínú omi tí ó gbé e jáde. Egungun itan rẹ̀ ti kán.

Orí ibùsùn ní ọsibítù ni wọ́n ti gbé ọmọ náà wá fi hàn án. Ó gbé e bí ó ti sọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Títí di òní olónìí, ọ̀pá ni ó fi ń rìn. Kò bá mi wí rí. Ohun kan ṣoṣo tí ó bi mí ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ìrora dẹ̀ díẹ̀, ni pé, "Iṣu ńkọ́? Ṣé ó dé ilé?" Mo dáhùn pé ó dé. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí ju kí ó bú mi lọ.

Ẹ̀yin ará mi, ọjọ́ ni n kò lè yàn. Wákàtí ńkọ́? Èmi ni mo yàn án. Ẹrù ńkọ́? Èmi ni mo dì í.

Mo tún rí irú rẹ̀ ní ọ̀nà tí ó tóbi ju tèmi lọ. Ní ọdún 2024, Hájì bọ́ sí àárín oṣù kẹfà, tí ooru mú jù ní Mẹ́kà. Wọ́n wọn ooru tí ó dé 51.8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì ní Mọ́ṣáláṣí mímọ́. Ìjọba Saudi Arabia kéde pé 1,301 ènìyàn ni ó kú, àti pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ àwọn tí kò ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lábẹ́ oòrùn láìsí àgọ́ tí wọn yóò sinmi sí. Kí Ọlọ́hun ṣàánú gbogbo wọn. Ọjọ́ Árafà kò ṣeé yàn. Ṣùgbọ́n ibòji, omi àti wákàtí tí a ó fi rìn, ìwọ̀nyí ṣeé pèsè fún ẹni tí ó bá gba ọ̀nà tí ó tọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé wíwo ojú ọjọ́ kí a tó rìn jẹ́ àìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun. Ẹ̀yin tí àwọn ọmọ yín wà ní ilé-kéú, ẹ ní kí wọ́n túmọ̀ Súrátù Kùráyíṣì fún yín. Ìrìnàjò òtútù àti ìrìnàjò ooru ni a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn onítumọ̀ ṣàlàyé pé nígbà òtútù, ìhà Yemen tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni àwọn oníṣòwò Mẹ́kà ń lọ. Nígbà ooru, ìhà Síríà tí ó tutù. Wọ́n mọ ìgbà, wọ́n sì fi ìgbà rìn. Ọlọ́hun sì ka ìrọ̀rùn ìrìnàjò náà mọ́ oore tí Ó ṣe fún wọn.

Fún ẹni tí ó di dandan fún láti lọ nínú òjò, ohun tí mo ti kọ́ nìyí.

Ẹ gbéra lẹ́yìn àsùbáà, kí ẹ lè wọ ilé kí ìrun alásárì tó dé. Òjò kò ní wákàtí tí kò lè rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀sán a máa rí gọ́tà. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi fóònù pe ẹni tí ẹ ń lọ bá, kí ẹ bi í pé, "Ṣé omi wà ní títì yín?" Bí ó bá ní ó wà, ẹ dúró di ọ̀la. Bí ó bá bá yín lójú ọ̀nà, ẹ sùn ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ẹbí. Ẹ gbọ́ rédíò pẹ̀lú. NiMet, àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, a máa kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bí òjò ọdún náà yóò ti rí, ó sì ń sọ ti ojoojúmọ́ náà.

Ẹ má gbé ẹrù wúwo. Bí àgbàlagbà tàbí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín, kí ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú ṣófo. Iṣu, èlùbọ́ àti epo lè ṣáájú yín lọ ní ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ. Ẹ má wọ inú omi tí ń ṣàn, ì báà ṣe pé orúnkún ni ó mọ, ẹ má sì jẹ́ kí dérébà wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí wáyà iná tí ó já sínú omi, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ̀sìn gba arìnrìnàjò láyè láti gé ìrun kúrú. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má torí ìrun lé dérébà léré lórí títì olómi.

Ẹ fi ọ̀rá di Kùránì, ìwé àti aṣọ ọdún yín. Ẹ mú agboòrùn, bàtà rọ́bà, súwẹ́tà fún àgbàlagbà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, àti òògùn tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún omi mímu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ní àkókò Iléyá gan-an, àrùn kọ́lẹ́rà jà ní Èkó, ó sì pa ènìyàn. Ẹ se omi kí ẹ tó mu ún, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà kan omi tí ó mọ́, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ máa ń ra aṣọ ọdún ní Balógun, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ Iléyá. Ẹ lọ kí òjò tó wọlé dáadáa. Bí àsìkò ọdún bá ti ń sún mọ́lé, owó ọjà a gbéra, ìdì aṣọ tí òjò bá sì pa lórí ọkọ̀ kò ní mú èrè wá.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà ní ìlànà tirẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, kùrukùru lè bo títì tí dérébà kò fi ní rí iwájú. Nígbà náà, ẹ má gbéra ní ìdájí. Ẹ jẹ́ kí ó ká. Ẹ fi òrí pa ara àti ètè, ẹ fi ìborùn bo imú nítorí eruku, ẹ sì mu omi dáadáa. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée, kí ó fi òògùn rẹ̀ sí àpò tí ó wà lára rẹ̀, kì í ṣe inú ẹrù tí ó wà ní búùtù.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ọmọ tí a sọ lórúkọ ní ọjọ́sí ti ń sáré kiri ilé. Ìyá rẹ̀ tún ránṣẹ́ pé kí ìyá mi wá. Mo rò pé kò ní gbà. Mo bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀rù kò bà yín?"

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ojú ọ̀run tí ó funfun fún ọyẹ́, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ìwọ sáà má gbé iṣu."

A jáde lẹ́yìn tí kùrukùru ká, a sì wọ ilé ọmọ mi kí ìrun alásárì tó dé. Títì náà gbẹ. Mo rí gọ́tà náà ní ojú ọ̀sán: kò fẹ̀ ju ọwọ́ méjì lọ. Ìyá mi fi ọ̀pá kàn án, ó kọjá, kò sọ nǹkan kan.

Nítorí náà, ìyá tí ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, èsì yín nìyí: ẹ lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní. Ẹ kúrò nílé ní kùtùkùtù bí kùrukùru bá ti ká, kí ọwọ́ ẹni tí yóò mú yín lọ sì ṣófo. Ọlọ́hun yóò ṣọ́ yín, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.